Ẹ̀kọ Inú Páìpù

Mọ́rìnọ́lá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Awwal, kì í ṣe obìnrin tí ẹ̀rù tètè máa ń bà. Ògì ni ó ń tà ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni yóò ti gun ọ̀kadà láti Ọ̀fàtẹ̀dó tí ó ń gbé, tòun ti ike ògì lórí itan. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé yìí, níwájú síǹkì tí omi ìdọ̀tí kún dé ẹnu, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Òun àti Phebe, ayálégbé kejì, ni wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná náà. Nígbà tí páìpù dí lọ́dún tó kọjá, onílé wọn, Bàbá Ògúnmọ́lá, wá láti Iléṣà, ó sì ṣe òfin: ẹ̀yìn ilé ni kí Mọ́rìnọ́lá ti máa sẹ́ ògì, bí ògì bá tún dí páìpù, kí ó kó jáde. Ó pa òfin náà mọ́, àfi ní ọ̀sẹ̀ yìí tí òjò kò jẹ́ kí ènìyàn rí ẹ̀yìn ilé dúró sí. Inú síǹkì ni ó ti sẹ́ ẹ, ibẹ̀ náà ni ó ti fọ asẹ́. Òní gan-an ni bàbá sì ń bọ̀ wá wo òrùlé tí ó ń jò.

Phebe jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Ọ̀rá ẹran ló dì síbẹ̀. Ẹ da omi gbígbóná sí i, yóò yọ́."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe nílé ìyá mi. Àbí ọbẹ̀ yín kì í lọ́ràá ni?"

Mọ́rìnọ́lá kò lè sọ pé kì í ṣe ọ̀rá. Ó gbé omi kaná. Nígbà tí ó hó, ó gbọ́n omi ìdọ̀tí kúrò nínú síǹkì, ó sì da omi híhó náà sí i. Omi tí ó ti ń fà díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ dúró pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ òórùn kan tí ó mọ̀ dunjú, òórùn ẹ̀kọ gbígbóná. Òun tí ó ń fi omi híhó po ògì lójoojúmọ́ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ẹ̀kọ sínú páìpù.

Fóònù dún.

"Ìyá Awwal, mo ti sọ̀ l'Óṣogbo. Mò ń wá ọ̀kadà."

"Ẹ máa rọra bọ̀, bàbá. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Phebe rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò kúkú ní kí wọ́n padà s'Íléṣà."

"Phebe, jọ̀wọ́, bá mi di korobá yìí mú."

Mọ́rìnọ́lá fi àkísà wé ibi tí páìpù ti so pọ̀ lábẹ́ síǹkì kí ọwọ́ rẹ̀ má baà yọ̀. "Bísímílàhì." Ó lọ́ ọ títí ó fi tú. Omi ya, apá kan sínú korobá, apá kan sí ẹsẹ̀ wọn. Ó na hángà aṣọ, ó tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó tì í bọ inú páìpù, ó sì fà á. Ẹ̀kọ jáde, ó funfun, ó ń dán, ó gùn bí páìpù tí ó ti wá. Ó tún fà á, òmíràn tún jáde. Ọ̀kadà dúró níta ilé bí ó ti ń so páìpù padà.

Kò tíì ráyè gbé korobá pamọ́ tí bàbá fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló ro ẹ̀kọ sí korobá?"

Mọ́rìnọ́lá kúnlẹ̀ sínú omi. "Inú páìpù ló wà, bàbá. Ògì mi ni. Òjò ni kò jẹ́ kí n lè dúró lẹ́yìn ilé."

Phebe kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá bu omi, ó dà á sí síǹkì, ó sì tẹ́tí sí i. Omi náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ìwọ lo tú u fúnra rẹ?"

"Èmi ni, sà."

Bàbá fi ẹsẹ̀ ti korobá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mi ò ní lé ọ. Ògì ni mo lé. Wọn kò gbọdọ̀ sẹ́ ẹ nínú ọgbà yìí mọ́, ìbáà ṣe ẹ̀yìn ilé."

Mọ́rìnọ́lá dúpẹ́ títí bàbá fi kọjá lọ wo òrùlé. Nígbà tí ó dìde, ó rí àgbàdo tí ó rẹ sínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti wú, ọ̀sán yìí ló yẹ kí ó lọ̀ ọ́. Kò sì tíì mọ ẹni tí yóò lọ bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun sẹ́ ẹ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.