Owó Wẹ́wẹ́ Lọ́wọ́ Àna Mi

Ojú ìyá mi ló gbé mi wálé. Obìnrin tó ti ń ta àdìrẹ láti kékeré, tó ń fi ojú lásán mọ aṣọ tí aró rẹ̀ máa ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ kan, awọ funfun bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ó di ẹni tó ń fọwọ́ tá ògiri kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn. Dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ó sì pe iye tó máa gbà. Àbúrò mi obìnrin pè mí lórí fóònù lókè òkun láti sọ fún mi. Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi ní, “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.” Kò sẹ́ni tó ní kí n dá gbogbo rẹ̀ san. Ẹnu mi ni.

Abọ́ ni mò ń fọ̀ ní kíṣìnnì òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ nílé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kálukú wá wọ kóòtù fún mi nínú ọkàn ara rẹ̀. Owó ilé àti owó iná ló ń gbé owó oṣù mi lọ. Ohun tí mo rí tọ́jú ni owó ìdúpẹ́ tí àwọn oníbàárà máa ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì, tí wọ́n á pín kan àwa ará kíṣìnnì: pọ́n-ùn márùn-ún lónìí, mẹ́wàá lọ́jọ́ mìíràn.

Kí n tó wọ bàálù, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ká ṣẹ́ owó. Tí wọ́n bá ti ní ká sinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́, fóònù ni mò ń tẹ̀. Mo wo àwọn tó ń báni fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù: wọ́n á pe iye tó dùn létí, wọ́n á wá fi owó iṣẹ́ wọn bù ú jẹ lẹ́yìn. Mo wo àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní pápákọ̀ òfurufú. Ìyẹn kì í ṣe ṣíṣẹ́, ìrẹ́jẹ tó wọ táì ni. Mo wo iye tí wọ́n ní wọ́n ń san ní ìgboro nílé, ìyẹn ló ga jù. Mo fi ṣírò owó tó wà lọ́wọ́ mi. Ó tó owó iṣẹ́ abẹ náà gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi nǹkan kékeré dín iye yẹn, ojú kan ṣoṣo la máa lè ṣe fún ìyá mi, a ó sì máa fi èkejì tọrọ sùúrù.

Àbúrò mi ní kí n kúkú fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun. Mo ní rárá, mo fẹ́ fọwọ́ ara mi gbé e wá. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé tí mo bá fi ránṣẹ́, iye náà máa jáde lójú fóònù rẹ̀, ó máa rí bó ṣe kéré tó fún ẹni tó ti pẹ́ tó báyìí lókè òkun. Owó wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀ máa ń wú. Nígbà tí mo kó o sínú àpò-ìwé, àpò-ìwé náà yọkùn bí ẹni tó jẹun yó, inú mi sì dùn sí bó ṣe rí.

Ọkọ àbúrò mi yìí, owó òkèèrè ló ń ṣẹ́ fún èèyàn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó ní Òkè-Ìléwó, nítòsí àwọn báǹkì, òun náà sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lẹ́yìn tí bàbá kú. Ó jù mí lọ́jọ́ orí dáadáa, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, nítorí náà nígbà tí mo wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, àna mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà.” Kò sí nǹkan tí èmi náà lè ṣe sí i ju kí n ní kó dìde.

Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ̀ pé ọkọ kì í bá ará ilé ìyàwó rẹ̀ nájà. Àna pe igba, o san igba. Tí àna bá ní kí o gbé òkè, wàá kọ́kọ́ ṣí fìlà ná kí o tó wò ó bóyá ó ṣeé gbé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí kì í fi í tajà fún ọkọ ọmọ tàbí ọkọ àbúrò wọn, kí ó má bàa dà bíi pé wọ́n fi ipò wọn jẹ ẹ́ run. Mo mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, báǹkì ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n pe iye kan tó jẹ́ pé ojú kan pẹ̀lú ìpéǹpéjú ló máa ṣe. Mo jáde, mo rìn kọjá lára àwọn tó ń ṣẹ́ owó, mo bi méjì mẹ́ta nínú wọn pé èló ni. Gbogbo wọn ló sọ ohun kan náà: “Ẹ mú un wá ká rí i ná.” Mi ò mú un jáde. Ojú ń tì mí láti tú àpò-ìwé yẹn lójú àjèjì, kí wọ́n máa wo pọ́n-ùn márùn-ún márùn-ún tó ká gúlúgúlú lọ́wọ́ ará òkè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba ọ̀dọ̀ àna mi lọ.

Nígbà tó rí mi, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n jókòó, ó ra mínírà tútù fún mi. Mo gbé àpò-ìwé fún un, mo na fóònù mi sí i, iye tó ga jù lọ ló wà lójú rẹ̀. Mo ní, “Iye tí wọ́n ń pè é nìyí. Ẹnì kan lọ́hùn-ún tilẹ̀ fẹ́ fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní ẹ̀yin lẹ wà nílé.” Kò sí ẹnì kankan lọ́hùn-ún. Àna mi ṣí ẹnu àpò-ìwé, ó wo inú rẹ̀, ó wá pa á dé.

Ó ní, “Ohun tí ẹ bá pè é náà ló máa jẹ́, àna mi.”

Mo ti fi àyè sílẹ̀ lọ́kàn mi pé ó máa ní kí n gbé e wálẹ̀, kí n wá ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Ó kàn gbé àpò-ìwé náà pamọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé náírà wá sílé nínú ọ̀rá dúdú, ó pé pérépéré. Mo ń yan kiri ilé. Mo tilẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójú àbúrò mi, mo ní, “Ọkọ ẹ yìí ò mọ ọjà á tà o.” Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú, ọkọ rẹ̀ ni mo fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Wọ́n ṣe ojú ìyá mi méjèèjì, wọ́n fi báńdéèjì dì í, wọ́n ní ká máa lọ sílé títí wọ́n á fi ní ká wá tú u. Láàárín ìgbà yẹn ni mo rí pọ́n-ùn mẹ́wàá kan tó kù nínú àpò ṣòkòtò mi. Ó kéré jù láti gbé lọ bá àna mi. Mo lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣẹ́ owó ní ìkángun Òkè-Ìléwó. Bàbá yìí yí i síwá sẹ́yìn, ó sì pe iye kan tó bí mi nínú.

Mo ní, “Bàbá, kì í ṣe iye tí wọ́n fún mi lọ́jọ́sí nìyí.”

“Owó wẹ́wẹ́ nìyí,” ó ní. “Àwọn tó ń ra pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa, owó ńlá ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tó bá ti jẹ́ wẹ́wẹ́, a máa ń gé lára iye rẹ̀. Ta ló fún ẹ níyẹn?”

Mo nawọ́ sí bẹ́ǹṣì àna mi. Bàbá náà wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ó dáa, ìwọ lo ni owó wẹ́wẹ́ yẹn. Gbogbo wa pátá ló gbé e wá bá, bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, kò sẹ́ni tó gbà á. Ó gbé e dé Ìtòrí kó tó rí ẹni rà á, iye tí mo pè fún ẹ yìí ni wọ́n sì fún un. Iye tí o ní kó san, owó ńlá pàápàá, a ò rà á bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dá a padà. Ó ní àna òun ni, ó ní ẹni náà ò sì ní púpọ̀ lọ́wọ́.” Bàbá dá pọ́n-ùn mẹ́wàá mi padà fún mi. “Owó tó fi ń ṣòwò ló fi dí iye tó kù. O ò rí i pé kì í kó owó síwájú mọ́? Owó ẹlòmíì ló ń bá wọn ṣẹ́, kí wọ́n lè fún un ní nǹkan.”

Ẹni náà ò sì ní púpọ̀ lọ́wọ́. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Ìléwó dé Ìgbẹ̀ìn, gbólóhùn yẹn ń bá mi rìn. Ó ti rí mi tán nígbà tó ṣí ẹnu àpò-ìwé yẹn. Gbogbo bẹ́ǹṣì Òkè-Ìléwó ló ti rí mi, èmi nìkan ni mo rò pé mo wọ aṣọ. Mo gbà pé inú tún bí mi sí i. Mo ní ta ló rán an? Ṣé kò lẹ́nu ni? Ìtìjú ló ń bínú lẹ́nu mi.

Nígbà tí àna mi wá kí ìyá ní alẹ́, mo fà á lọ sẹ́yìn ilé. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní tí mo bá padà, màá máa fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi pé. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí.

“Ẹ jọ̀ọ́, àna mi. Ìyá ò gbọdọ̀ gbọ́, ìyàwó mi náà ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní mo jókòó ṣírò owó lé àna mi lórí. Ìyá tèmi náà ni mo tọ́jú.” Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Kò jẹ́ kí n rí nǹkan kan san.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, gbogbo wa la wà ní yàrá ìyá mi nígbà tí a ti ilé ìwòsàn dé. Ó wo ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó bú àbúrò mi pé àwọn aṣọ àdìrẹ tó wà lórí àpótí ti kún fún eruku. Ó wá kọjú sí mi, ó wò mí pẹ́. Ó ní, “O ti gbẹ, ọmọ mi.” Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó ní Ọlọ́run á máa bù sí owó mi. Ó ní bí mo ṣe dá a san tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi dá sí i, ojú ò ní tì mí láéláé. Ó yíjú sí àna mi.

“Ọkọ ọmọ mi, o rí ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ ṣe? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ tìẹ náà tó o lọ́jọ́ kan.”

Àna mi ló ṣe àmín tó ròkè jù. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú mi, ó ń dúpẹ́ pé mo bá àwọn tọ́jú ìyá. Ìyá mi ń wò wá pẹ̀lú ojú tuntun rẹ̀ méjèèjì, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń retí ohun tí mo máa sọ. Mo na ọwọ́, mo fi kàn án lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti máa ń ṣe, mo sì ní kó dìde.