Fọ́ọ̀mù Wíwo Ilé

Èmi ni mo túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà sí Yorùbá, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì ṣe é pín fún ẹlòmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà mí síṣẹ́ ní Àkúrẹ́ ti kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gùn bí ìwàásù ọjọ́ ìkórè. Ó ní kí n wá orúkọ Yorùbá kan fún un tí yóò tètè yé ará ìlú. Mo jókòó tì í fún odidi ọ̀sán kan. Mo ti gba oyè nínú ìmọ̀ nípa kòkòrò, mo ti wáṣẹ́ títí bàtà mi fi lu, inú mi sì dùn pé ẹnìkan tún ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè ìwé: FỌ́Ọ̀MÙ WÍWO ILÉ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, ó mi orí. "Ó ṣe ṣókí," ó wí. "Ó wọ etí."

Ó wọ etí lóòótọ́. Irú etí tó wọ̀ ni àwa méjèèjì kò bèèrè.

Ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ ṣe kò burú. Àwọn ọdún yẹn le. Omi ẹ̀rọ ti gbẹ tipẹ́, epo bẹntiróòlù sì ti wọ́n débi pé ẹni tó ní kànga tó ń lo jẹnẹrétọ̀ pàápàá ń fi igbá gbe omi òjò. Gbogbo ilé ló ń tọ́jú omi: sínú dúrọ́ọ̀mù, sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí, sínú àmù tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ lọ. Níbi tí omi bá dúró sí, ẹ̀fọn á yé ẹyin sí i, ẹyin á di tanwíjí, tanwíjí á hu ìyẹ́, á sì gbé ibà wọ yàrá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn onímọ̀ tó kù nílẹ̀ kò tó láti wo gbogbo dúrọ́ọ̀mù, nítorí náà ará ìlú fúnra wọn ni yóò di onímọ̀. Òótọ́ ni. Àwọn onímọ̀ tó yẹ kó wò ó ti wà ní Kánádà, wọ́n ń tọ́jú arúgbó.

Ìlànà rẹ̀ rọrùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìgbakọ funfun kan. Yóò fi bu omi lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú ohun tó fi ń tọ́jú omi, yóò ka tanwíjí tó bá rí, yóò ya fọ́tò, yóò sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Yóò gé ìgò oníke kan, yóò gbé e síta, yóò máa fi rúlà wọn òjò tó bá rọ̀ sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò so òjò mọ́ tanwíjí, yóò sì kun máàpù: pupa fún àdúgbò tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, àwọ̀ ewé fún ibi tó mọ́. Ibi tó bá pupa ni nẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ dé. Nẹ́ẹ̀tì kò sì pọ̀.

Mo kọ́ àwọn ará Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn náà mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ẹni tí mo kọ́kọ́ mú níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń fi bírò pupa ṣàtúnṣe sí ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ọkọ ọmọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ó lóyún oṣù karùn-ún. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú, ibà ni wọ́n sì ní ó fà á nígbà méjèèjì. Nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ya débi pé ẹ̀fọn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Níbi tó ti ń gba ìtọ́jú aláboyún, wọ́n ní nẹ́ẹ̀tì ti tán. Mo lè tọrọ ẹyọ kan lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò tọrọ. Mo rò pé máàpù ni yóò sọ̀rọ̀, pé ohun tó tọ́ nìyẹn.

Màmá gba ìgbakọ, ó wò ó bí ẹni ń wo ìwé ọmọ tó jí ìdáhùn wò. Ó ka orí fọ́ọ̀mù. Ó tún un kà.

"Wíwo ilé," ó wí. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dára." Ó ká fọ́ọ̀mù náà sí méjì. "Yorùbá rẹ dán mọ́rán."

Mo gbà á bí oríyìn.

Nígbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òdo ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, òdo. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n yá a, Ìsìkàn ń ránṣẹ́ òdo, Oǹdó ń ránṣẹ́ òdo. Fọ́tò wọn dára. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kànìnkànìn bó títí ó fi ń dán. Bàbá òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsìkàn wọ kóòtù, ó de táì, ó dúró ti tirẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Mo lọ bá a nílé.

"Bàbá, dúrọ́ọ̀mù inú fọ́tò yìí ṣófo."

"Ó mọ́ ni."

"Omi inú rẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Mo dà á sínú abọ́ kí n tó ka tanwíjí. Mo ti dá a padà báyìí."

"Àti tanwíjí inú rẹ̀?"

"Òun náà ti padà." Ó wò mí tàánú-tàánú. "Ṣé kí n fi ọwọ́ ara mi kọ̀wé mú ara mi ni? Mo lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọmọ mi. Mo mọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń múni. Ẹ̀yin wolé-wolé ìsinsìnyí kàn wá fi fóònù kún un ni."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Èmi tí mo kàwé kò rántí pé wọ́n ti sọ orúkọ yẹn fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó bí mi. Wolé-wolé ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìgbà àtijọ́, tó ń wọ àgbàlá onílé láìkan ilẹ̀kùn, tó ń ṣí àmù wò. Bó bá rí tanwíjí, kóòtù ni. Àwọn àgbà ìlú ò tíì dárí jì í.

Mo sáré lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní kí a yí orúkọ fọ́ọ̀mù padà, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń múra ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níwájú àwọn àlejò láti òkè òkun. Ó ní bí a bá yí i láàárín, iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò ní bá ti ìparí mu.

"Ṣùgbọ́n irọ́ ni, sà."

"Dátà ni," ó wí. "Lọ máa fọ̀ ọ́."

Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn, fífọ dátà: kí n wá nọ́ńbà tó bá yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí n yọ ọ́. Òdo kì í yàtọ̀ sí òdo. N kò rí nǹkan kan yọ.

Mo padà sí Oǹdó. Òdo ni Màmá náà ti ń fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò tó mọ́ tónítóní. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo gbé ògbólógbòó ìró tó fi bo dúrọ́ọ̀mù kúrò. Omi náà ń mì. Tanwíjí ń gbé orí sókè, wọ́n ń ká ara wọn kò, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀.

Màmá ti wà lẹ́yìn mi.

"Ọmọ ọdún méje ni mí," ó wí, bí ẹni pé mo ti bi í ní ìbéèrè kan. "Alàgbà ìjọ ni bàbá mi. Wolé-wolé rí tanwíjí nínú àmù wa. Ó ní kí bàbá mi gbé àmù náà lérí dé kóòtù, kí adájọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí i. Láti ilé wa dé ibẹ̀, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e: Onítanwíjí ń lọ. Omi ń dà sí i lọ́rùn. Títí mo fi parí ilé ẹ̀kọ́, ọmọ onítanwíjí ni wọ́n ń pè mí."

"Màmá, kò sí ẹni tó máa mú yín. Wọ́n kàn fẹ́ kà á ni."

"Bí wọ́n ṣe wí nígbà yẹn náà nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká da omi yìí nù nígbà náà."

"Kí n wá fi kí ni wẹ̀? Kí ọmọ yìí fi kí ni wẹ̀?"

Ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó na ẹsẹ̀ tó wú síwájú. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ ọ́ jàre," ó wí. "Kí wọ́n pè mí ní onítanwíjí, kí wọ́n ṣáà fún mi ní nẹ́ẹ̀tì."

"Dákẹ́," Màmá wí.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Fọ́ọ̀mù ti ṣí sílẹ̀. Mo wo ojú Màmá, tíṣà tó kọ́ mi ní A, B, D, mo sì kọ òdo. Mo fi ìró bo dúrọ́ọ̀mù náà padà. Ihò wà lára ìró ọ̀hún.

Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú máàpù ní gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìsìkàn ń dán bí ewé tẹ̀tẹ̀. Àdúgbò Màmá náà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó pupa ni àdúgbò àwọn ọlọ́lá, níbi tí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ wolé-wolé rí ti ka tanwíjí inú ìkòkò òdòdó wọn tọkàntọkàn. Ilé tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n kó nẹ́ẹ̀tì lọ fún wọn. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnìkan ti fi tirẹ̀ bo tòmátì nítorí ewúrẹ́.

Ibà mú ọmọ ọmọ Màmá nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù keje. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wọ́ọ̀dù méjì. Oògùn tí wọ́n kọ fún un kò sí níbẹ̀, ìgbà tí a fi rí i níta, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n bí ewé. Òun yè é. Ọmọ náà ti kú kí wọ́n tó bí i. Ọkùnrin ni.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè fẹsẹ̀ kan ilé wọn. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo gbé búrẹ́dì dání. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá mú ìgbakọ funfun, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó ti lo ìgò ojú rẹ̀, èyí tó fi ń máàkì ìwé.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀mù. Ó bu omi lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó sì ń kà á sókè bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Àwọn aládùúgbò ti yọjú lórí ògiri.

"Mẹ́tàdínlógójì," ó wí. "Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Fóònù ronú díẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn kan tí èmi náà ni mo túmọ̀: Iye yìí kò bá ìṣe ilé yìí mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òdo ni ilé yìí máa ń jẹ́, mà. Ó ní kí a tún un kà."

"Màmá, ẹ lọ sinmi," obìnrin kan wí láti orí ògiri. "Ẹ jẹ́ á gbé e kúrò lọ́wọ́ yín."

Màmá kò wo ẹ̀yìn. "Ó tọ̀nà," ó sọ fún mi. "Ọmọ tó bá ti ń purọ́ bọ̀, a gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò."

Ó ti ìgbakọ bọ omi.

"Ọ̀kan," ó wí, ó sì gbé ohùn sókè díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri lè gbọ́.