Súfèé Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí mo gbé mọ́tò náà wọlé ni ìyàwó mi ti sọ pé òun ò ní jókòó síwájú. "Mọ́tò olóògbé ni," ó ní. Mo ní kó jókòó sẹ́yìn nígbà náà, kí n máa gbé e kiri bí ìyàwó gómìnà. Kò rẹ́rìn-ín.

Olóògbé ọ̀hún kì í ṣe àjèjì sí wa. Bàbá òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ilé wọn ló wà lẹ́nu àbáwọlé kúlóòsì wa, òpópónà kékeré tí kò já síbì kankan, ní Festac, tiwa wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ní kí Màmá, ìyàwó wọn, ta mọ́tò náà. Ó ti dàgbà lóòótọ́, àmọ́ ó ní tọ́bò, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn kún inú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ orí tèmi yìí, èmi náà ń wá nǹkan tó máa fẹ́ atẹ́gùn sí mi nínú. Mo rà á.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo ń ti Trade Fair bọ̀ nírọ̀lẹ́ kan, mo yà wọ kúlóòsì, mo tẹná díẹ̀ kí mọ́tò lè sáré sí i. Súfèé kan jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò jọ ariwo irin. Súfèé ènìyàn ni: ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó gòkè, ó wá já lójijì, bí ìgbà tí èèyàn dúró síta tó ń fi súfèé pe ẹni tó wà nínú ilé. Mọ́tò rọ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, èéfín dúdú tú jáde lẹ́yìn. Ni mo bá gbọ́ ohùn Màmá láti inú ọgbà wọn:

"Mo ń bọ̀ o!"

Géètì ṣí. Màmá jáde, wọ́n dúró sójú títì gan-an, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn mi lọ́hùn-ún. Mo kí wọn. Wọ́n jẹ́ mi lóhùn, wọ́n padà wọlé.

Mo délé, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá ń kí ìyàwó wọn.

"Ẹ máa ṣeré o," ìyàwó mi ní. "Màmá sì dáhùn?"

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa ni pé tí o bá gbọ́ ìpè, tí o ò sì rí ẹni tó pè ọ́, ńṣe ni kí o panu mọ́. Ta ló fẹ́ kọ́ Màmá nìyẹn?

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti dé ẹnu àbáwọlé, súfèé, "Mo ń bọ̀ o!", géètì. Mo gbìyànjú kí n rọra wọlé láì tẹná. Ó fọn, kékeré. Nígbà tó yá, Màmá jáde láì wo ọ̀tún wo òsì, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi yà bàrá, ó kù díẹ̀ kó wọ gọ́tà.

"Màmá, ṣé ilé ayé ti sú yín ni?" oníkẹ̀kẹ́ pariwo.

Níbẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ ti kúrò lẹ́nu mi. Bí mi ò bá tètè pa súfèé yìí, mọ́tò mi ló máa pa ìyá àgbà yìí sójú títì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Kuje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac. Ó tan án, ó fi ọwọ́ fa iná. Mọ́tò dákẹ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, súfèé dà?"

Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó fọ ibi tí epo ń gbà wọlé. Ní gbogbo ìgbà, tí mo bá ti dé ẹnu kúlóòsì, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí mẹkáníìkì bá mi gùn ún. Ó gbọ́ súfèé. Ó gbọ́ "Mo ń bọ̀ o!" Ó sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dúró dáadáa.

"Ẹ gbé e wá lọ́la," ó ní, ó ti ń rìn lọ. "Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ gbé e wá o."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti ronú sí i: tí mọ́tò bá dúró lójú kan, tọ́bò kì í fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀. Ó yá ẹ̀rọ atẹ́gùn lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú àwọn rọ́bà tọ́bò, ó sì da omi ọṣẹ sí wọn lára. Lábẹ́ rọ́bà kan tó nípọn, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó tú u. Aṣọ ló wà níbẹ̀, àǹkárá aláwọ̀ aró tó ní ẹyẹ kéékèèké lára, tí wọ́n fi di ojú ibi tó là. Kókó rẹ̀ ṣì le koko, aṣọ náà ló kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti dí i," mẹkáníìkì ní. "Kò lè fọn nígbà tiwọn."

Mo ra rọ́bà tuntun ní Trade Fair, ó dè é. Mọ́tò gba agbára, kò sì fọhùn mọ́. Mo mú aṣọ náà lọ fún Màmá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìró mi rèé! Dádì sọ pé eku ló gé e."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé ohun tí a rí, mo wá ní, "Ẹ máà bínú, mà. Mo mọ̀ pé súfèé yẹn ń rán yín létí wọn ni."

Màmá tẹjú mọ́ mi. "Súfèé ta? Dádì ò mọ súfèé fọn. Wọ́n á ká ẹnu jọ báyìí, atẹ́gùn lásán ni yóò jáde, èmi á sì máa fi wọ́n ṣẹ̀sín."

"Ta wá ni ẹ ń dá lóhùn, mà?"

"Ohun tí mo máa ń jáde wá wò nìyẹn." Wọ́n ká aṣọ náà mọ́ ìka. "O ti dí i pátápátá báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ṣeun. Á jẹ́ pé mi ò ní mọ̀ mọ́ nìyẹn."

Géètì Màmá kì í ṣí mọ́ tí mo bá ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá, kò sẹ́ni tó dúró lójú títì. Ìyàwó mi pàápàá ti ń jókòó síwájú. Àmọ́ tí a bá dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi á dẹ̀ lórí iná, màá rí aṣọ fèrèsé Màmá tó ń mì díẹ̀, kí n tó mọ̀, ẹnu mi á ti ká jọ bí ẹni tó fẹ́ fọn súfèé. Ìyàwó mi á sì gbá mi létè.