Ìbéèrè Tí Bàbá Mi Fi Rán Mi

Ní yunifásítì tí mo lọ l'Ọ́tà, èèyàn kì í dédé jáde ní géètì. Àfi kí òbí ẹ fọwọ́ sí ìwé, ì báà jẹ́ búrẹ́dì lo fẹ́ lọ rà ní Iyana Iyesi. Èmi tí mo ti lé lógún ọdún o! Bàbá tèmi kì í sì í fọwọ́ sí nǹkan kan. Ṣọ́jà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ parí ogun ní ìlú onílùú, nígbà tí wọ́n sì dé, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa jáde mọ́. Inú àpò wọn ni kọ́kọ́rọ́ ilé wa n'Ilo-Awela máa ń wà. Ó sú mi pátápátá.

Pírójẹ́ẹ̀tì tí màá fi jáde dá lórí bí ogun ṣe ń yí èrò olórí orílẹ̀-èdè padà nípa àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ogun bàbá mi yẹn gan-an ni mo mú. Àgbàlagbà kan tó ń gba olórí ìjọba wa nímọ̀ràn nígbà ogun náà ní kí n wá bá òun l'Ékòó. Mo fi fóònù bẹ bàbá mi títí, mo sunkún, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ẹnu iṣẹ́ ọdẹ tí wọ́n fi ń ṣọ́ iléeṣẹ́ kan l'Agbára wá sí yunifásítì. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Bá mi bi í," wọ́n ní, "nígbà tí wọ́n kó òkú àwọn ẹgbẹ́ mi dé, ṣé olórí yẹn bèèrè wa?"

Àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tí mo bi í ní ohun tó yí èrò olórí padà. Ó ní tẹ́lẹ̀, ọ̀gá òun gbà pé orílẹ̀-èdè wa ló gbọ́dọ̀ parí gbogbo ìjà àwọn tó yí wa ká. Ọ̀gá náà wá lọ sípàdé kan, àwọn olórí orílẹ̀-èdè yòókù ò tiẹ̀ kí i kú iṣẹ́. Ojú tì í. Àtọjọ́ náà ló ti ní kí kálukú máa gbọ́ tara ẹ̀.

"Àwọn òkú wa ńkọ́, sà?"

"Òkú wo?"

Bàbá mi ń dúró dè mí ní géètì.

"Kí ló wí?"

"Ó ní olórí sunkún, Dádì. Ó ní torí yín ló ṣe yí èrò ẹ̀ padà."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ nu ojú. Látìgbà náà, gbogbo ìwé tí mo bá gbé wá ni wọ́n ń fọwọ́ sí, orí tábìlì sì ni kọ́kọ́rọ́ ilé ń wà.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀ mí fún títí dòní: kí n ka pírójẹ́ẹ̀tì náà fún wọn, ibi tí olórí ti sunkún yẹn nìkan. Mo ti tì í mọ́ inú àpótí. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà.