Ìwé Olùdarí Eré tí Mo Kà fún Bàbá Mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Ọ̀tan-Ilé, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi wó. Òṣogbo ló ti ṣubú, ní ojúde ilé wa, níbi tó ti ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè tó ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ọsibítù kan ní Iléṣà ni wọ́n gbé e lọ. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ohùn sì lọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá húkọ́ lásán, gbogbo wa á dákẹ́, kò lè sọ pé òun ń fẹ́ omi.

Nínú gbogbo àwa ọmọ, èmi ni mo sún mọ́ Iléṣà jù. Bí a bá ti jáde nílé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, màá wọ ọkọ̀, màá lọ jókòó tì í.

Mo máa ń mú ìwé kan dání tí mo fi ń pa ìrònú rẹ́. Olùdarí eré kan ló kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ síbẹ̀, láti orí ìtàgé títí dé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sinimá. Mi ò lè gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe òkìkí ọkùnrin náà ló fà mí. Kò bo ìtìjú ara rẹ̀ ni. Ó sọ bí òjò ṣe tú èrò ìwòran ká, tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ni wọ́n ṣe eré parí fún. Ó sọ bí lọ́rì wọn ṣe kú sójú ọ̀nà, tí ọba inú eré àti ẹrú rẹ̀ jọ ń tì í nínú ẹrẹ̀.

Èmi náà ti fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí. Nígbà tí mo ṣì wà ní ọmọge, ẹgbẹ́ eléré kan wá sí Òṣogbo, wọ́n gbọ́ orin lẹ́nu mi, wọ́n sì ní kí n máa bá àwọn lọ. Bàbá mi kò lù mí, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọmọ tèmi kò ní máa jó kiri fún àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo sunkún sùn, ilẹ̀ mọ́, mo lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní wọ́ọ̀dù, mo ń ka ìwé náà sínú, ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá mi ń wò mí. Ó fi ọwọ́ òsì kan ìwé, ó sì kan ẹnu mi.

"Ṣé kí n kà á síta ni, Bàbá?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà mo ń kà á, mo ń sọ ọ́ di Yorùbá. Àgbẹ̀ kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ará abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, tó já bọ́ lórí igi obì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Òun náà ní kí n gbé ohùn sókè. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó kúnlẹ̀ kí bàbá mi tán, ojú rẹ̀ á ti wà lára báàgì mi tí ìwé náà wà nínú rẹ̀.

A dé ibi tí olùdarí náà ti wọ aṣọ obìnrin, tó ṣe ìyàwó kékeré tó ká olè mọ́ ìdí àká iṣu, torí pé ẹni tó yẹ kó ṣe é ń ṣàìsàn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ sókè sí mi. Mo rò pé ìrọ̀rí ni. Mo tún un ṣe. Ó ti ọwọ́ mi dànù.

"Tíṣà, ó ní kí o dìde ni," àgbẹ̀ náà wí. "Kí o ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é."

Mo wo bàbá mi. Ó tún gbé ọwọ́ sókè.

Mo bá dìde. Mo fún gèlè mọ́ ìdí, mo na ìka sí olè tí kò sí níbẹ̀, mo bú u, mo fi orin lé e jáde. Àgbẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń rín. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, àfi bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀.

"Ẹ... ẹ... ẹ..."

"Kí lẹ fẹ́ sọ, Bàbá? Ṣé ibì kan ń dùn yín ni? Ṣé kí n má ṣe é mọ́?"

"Ẹ... ẹ..."

"Ṣé ọ̀rọ̀ àwọn eléré ọjọ́sí ni?"

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń mì ín, ohùn kan náà ló ń jáde. Mo sún mọ́ ọn, mo fi etí sí ẹnu rẹ̀. Èémí nìkan ni mo gbọ́. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó di ojú rẹ̀.

Mo sọ fún dókítà. Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn: "Má da ara rẹ láàmú. Àìsàn yìí máa ń mú wọn rẹ́rìn-ín, ó máa ń mú wọn sunkún, láìnídìí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Àánú ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, mi ò mọ̀ bóyá bàbá mi ló sunkún níwájú mi, tàbí àìsàn ni. Kò sì sẹ́ni tí mo lè bi.

A gbé e padà sí Òṣogbo, ó sì kú nílé, kí a tó ka ìwé náà tán. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi bi mí ohun tí àwa méjèèjì máa ń ṣe ní ọsibítù látàárọ̀ dalẹ́.

"Ìwé ni mo ń kà fún wọn, Màámi."

"Ìwé kí ni?"

"Ìtàn ọkùnrin kan tó ń darí eré."

Ó wò mí títí. "Bàbá rẹ kò fẹ́ràn eré."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."