Yudesi Tó Ń Ka Oṣù

Yudesi Namataka kò kàwé. Kọfí ló ń gbìn, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń sin ewúrẹ́ mẹ́rin. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti kú. Òun ló ka oṣù fún wa nígbà tí kò sí ẹlòmíì tó lè kà á.

Júù ni wá, lórí òkè Nakirembe, lẹ́yìn Mbale. Nígbà tí sójà gba ìjọba, wọ́n ní ẹ̀sìn wa kò sí mọ́. Wọ́n ti sínágọ́gù pa. Olóyè ìjọba kó ìwé wa lọ, ewúrẹ́ rẹ̀ ló sì ń sùn nínú ilé àdúrà. Ọ̀pọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ilé mẹ́tàlá ló kù, láìka ti Yudesi.

Kò sẹ́ni tó gbàgbé Ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ méje ni, ọmọdé lè kà á. Ọdún ló le. Oṣù ojú ọ̀run la fi ń ka ọdún wa. Oṣù méjìlá ló wà nínú ọdún kan, ṣùgbọ́n ọdún míì wà tó ń gba mẹ́tàlá, kí Àjọ Ìrékọjá má bàa kúrò ní àsìkò rẹ̀. Sakariya, ọkọ Yudesi, ló mọ ọdún tó ń gba mẹ́tàlá. Inú ìwé ló ti ń wò ó. Wọ́n kó ìwé náà lọ mọ́ àwọn yòókù. Lọ́dún kejì, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Sakariya. Nígbà tó rí i pé òun ò ní dìde mọ́, ó ní kí ìyàwó òun máa kà á.

Yudesi bi í pé, "Ọdún wo ni mo máa fi oṣù kún?"

Sakariya ní, "Wo òjò. Ìrékọjá gbọ́dọ̀ bọ́ sínú òjò. Bí òjò ò bá tíì dé, fi oṣù kan kún un."

Ohun tó sọ mọ nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi kú.

Yudesi mú akèrègbè kan. Bí oṣù tuntun bá ti lé, á ju kóró kọfí kan sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é. Bí àjọ kan bá ku ọjọ́ mẹ́ta, á lọ káàkiri ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá, á ní òun wá yá abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ abẹ́rẹ́ ti mọ̀. Bí àlejò bá wà níjòókòó, kò lè fura.

Gideoni, alápatà wa, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹran bí Òfin ṣe wí.

Á ní, "Màmá Yakobo, aṣọ yín mà pọ̀ tó ń ya o. Ẹ ò kúkú ra abẹ́rẹ́ tiyín?"

Yudesi á ní, "Mú tìẹ wá, kí n lè fi rán ẹnu rẹ pa."

Ní oṣù kẹrin ọdún 1979, rédíò sọ pé sójà tó ń jọba ti sá. Ọjọ́rú ni. Ìrékọjá tiwa, tí a kì í jẹ ohunkóhun tó bá wú nínú rẹ̀, ti kọjá ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Nítorí náà a po ìyẹ̀fun, a jẹ́ kó wú dáadáa, a dín mandazi, irú búrẹ́dì kan tí à ń fi òróró dín. Yudesi jẹ mẹ́rin. Ó jó. Mi ò tíì rí i kó jó rí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ jáde nínú sínágọ́gù. A hú Ìwé Òfin kan ṣoṣo tí wọn ò rí kó, tí Bàbá Yonadabu rì mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò. Àjọ Ọ̀sẹ̀ la kọ́kọ́ ṣe ní gbangba. Nígbà tí àgbàdo gbó, a gbààwẹ̀ nítorí Tẹ́ḿpìlì tí wọ́n wó. Lẹ́yìn ìyẹn a fun ìwo àgbò fún Ọdún Tuntun, a gbààwẹ̀ Ọjọ́ Ètùtù láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, a sì kọ́ àgọ́ elewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí iwájú sínágọ́gù fún Àjọ Àgọ́. Gbogbo ẹ̀, bí Yudesi ṣe kà á ni.

Inú àgọ́ yẹn la wà tí à ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí Samusoni dé. Tíṣà ni, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. A rán an lọ sí Nairobi kó lọ tọrọ ìwé lọ́wọ́ àwọn Júù ibẹ̀. Kò jókòó. Ó ń wo òrùlé ewé náà.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o. Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Gideoni ní, "Kí la ń ṣe bí ti báwo? Ṣé Nairobi ti fọ́ ẹ lójú ni? Àjọ Àgọ́ ni. Jókòó, jẹun."

Samusoni yọ kàlẹ́ńdà kan nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi. Àjọ Àgọ́ ṣì ku oṣù kan. Ọdún Tuntun gan-an ò tíì dé."

Yudesi gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Ka ọjọ́ Ìrékọjá fún mi."

"Màmá, ìyẹn ti..."

"Mo ní kà á."

Samusoni kà á. Àṣálẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin. Ọjọ́ tí sójà sá ni.

Bàbá Yonadabu fò sókè. Òun ló dàgbà jù nínú wa. "Ẹ gbọ́ o! Ọjọ́ Ìrékọjá gan-an ni Ọlọ́run dá wa sílẹ̀!"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Yudesi kò pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Mandazi ni mo jẹ. Mẹ́rin."

Gideoni ti dìde. "Ẹ dúró ná. Ààwẹ̀ tí a gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Asán ni? Ti èṣí ńkọ́? Ti ọdún mẹ́fà ńkọ́?"

Yudesi ní, "Mi ò mọ ọdún tí mo ṣìnà."

"Ẹ ò mọ̀! Ebi ọdún mẹ́fà, ẹ wá ní ẹ ò mọ̀!"

Samusoni sọ fún wa pé ó di dandan kí a tún ààwẹ̀ náà gbà ní ọjọ́ tí ìwé wí.

Gideoni ní, "Ẹ máa gbà á lọ. Èmi ti gbà tèmi. Ẹni tó bá gba ààwẹ̀ Ètùtù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, orí rẹ̀ ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò."

Ó jáde. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tẹ̀lé e. Ọkùnrin mẹ́tàlá ni wá. Àwọn márùn-ún yẹn lọ, ó ku mẹ́jọ. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkùnrin ò bá pé mẹ́wàá, a kì í ṣí Ìwé Òfin nínú ìjọ. Bí Gideoni ò bá padà, a ti tún ti sínágọ́gù nìyẹn, láìsí sójà kankan.

Yudesi gbé akèrègbè rẹ̀ fún Samusoni, ó lọ sílé. Kò wá ní Ọjọ́ Ìsinmi. Mo lọ bá a lóko kọfí rẹ̀. Mo gba ọkọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "A ò rí yín lánàá."

"Kí ni n bá wá ṣe, Nasani? Kí n tún wá ṣì yín lọ́nà?"

"Ta ni ì bá kà á bí ẹ ò bá kà á?"

"Ẹni tó gbọ́n jù mí lọ."

"Kò sí onítọ̀hún níbí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ro ebè kan tán. Ó ní, "Ọdún tó ṣáájú eléyìí, òjò tètè dé. Mo ní ó ti tó, mi ò fi oṣù kún un. Bóyá ibẹ̀ ni. Bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Sakariya fi lé mi lọ́wọ́. Bí Gideoni àtàwọn tiẹ̀ bá lọ pátápátá, èmi ni mo lé wọn."

"Ó ku ọkùnrin mẹ́jọ," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Mo ṣì mọ ìyẹn kà."

Ọdún Tuntun ti inú ìwé dé. Ọkùnrin mẹ́jọ dúró, a fun ìwo, a ò lè ṣí Ìwé Òfin. Yudesi wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń fojú kà wá. Ó tún wa kà lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn mi. Láàárín Ọdún Tuntun àti Ọjọ́ Ètùtù, ẹni tó bá ṣẹ ẹnì kejì gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run kì í dárí ìyẹn jini tí a ò bá kọ́kọ́ bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Bó bá kọ̀, a tún lọ. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọrùn ẹni tó kọ̀ ló wà.

Ó ní, "Nasani, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo mú ọ gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Dárí jì mí."

Mo dárí jì í. Ó ní kí n tẹ̀lé òun káàkiri, kí ẹlẹ́rìí lè wà.

Bàbá Yonadabu bínú sí i. "Kí n dárí kí ni jì ọ́? Ọdún mẹ́fà tí èmi ń sùn, ìwọ lò ń wo ojú ọ̀run. Kúrò níwájú mi jàre." Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ti dárí jì í. Àwọn obìnrin míì sunkún. Ẹnì kan fún un lẹ́yin adìyẹ mẹ́fà. Ilé méjìlá dárí jì í.

A bá Gideoni lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ, ó ń fi èékánná wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ṣẹ́.

Yudesi ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́, Gideoni. Dárí jì mí."

Kò gbójú sókè. "Ó ku ìgbà mélòó?"

"Méjì."

"Ẹ máa lọ nìyẹn. Ẹ ṣì ń padà bọ̀."

Lọ́jọ́ kẹta a padà. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde. Ó ní Gideoni kò sí nílé. A gbọ́ ikọ́ Gideoni nínú yàrá.

Mo ní, "Ta ló ń wúkọ́ nínú ilé?"

Gideoni pariwo látinú yàrá pé, "Wọ́n ní mi ò sí nílé!"

Yudesi kọjú sí ògiri. "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tí kò sí nílé pé mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn."

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Yudesi fi í sí ọjọ́ tí ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nǹkan bí aago mẹ́rin la débẹ̀. Gideoni jókòó síta lórí àpótí, bí ẹni pé ó ti ń retí wa.

"Gideoni, mo..."

"Màmá Yakobo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó fún un ní àpótí, ó dìde dúró. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n lọ. Mi ò lọ. "Ọdún mẹ́fà yẹn, ọ̀dùnkún ni mo ń jẹ."

"Ọ̀dùnkún báwo?"

"Lọ́sàn-án ààwẹ̀. Màá ní mo fẹ́ lọ wo màlúù nínú igbó. Ọdọọdún ni. Ti oṣù tó kọjá náà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Bí ebi bá pa mí, mi ò kì í ríran." Ó fọwọ́ nu ojú. "Nígbà tí Samusoni ní ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní a jẹ́ pé mi ò dẹ́ṣẹ̀. Ló bá tún ní ká lọ gbà á lákọ̀tun. Ẹ̀rù ló bà mí, Màmá. Ìtìjú ni mo ń pa mọ́ tí mo fi ń pariwo lé yín lórí."

Yudesi ní, "Ó tó mélòó?"

"Kí ni?"

"Ọ̀dùnkún náà."

"Méjì. Ọdún kan wà tó jẹ́ mẹ́ta."

"Ó ku díẹ̀ kí o tó bá mandazi mi."

Mo rí i tí èjìká Gideoni balẹ̀. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí."

"Ìgbà mẹ́ta ló yẹ kí o bẹ̀ mí."

"Ẹ jẹ́ ká fi mọ sí ẹ̀ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́. Oòrùn ti ń lọ."

Yudesi dárí jì í. Gideoni pe ìyàwó rẹ̀ kó gbé oúnjẹ jáde kíákíá. A jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè àti ẹran kí oòrùn tó wọ̀. Ó jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ tì mọ́lé.

Ọkùnrin mẹ́tàlá ló wà ní sínágọ́gù lálẹ́ ọjọ́ náà, àti ní gbogbo ọjọ́ kejì. A ṣí Ìwé Òfin. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, Gideoni fẹ̀yìn ti ògiri, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ dì í mú. Ó gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dànù. Kò sọ pé òun fẹ́ lọ wo màlúù.

Nígbà tí wọ́n fun ìwo tán tí ìràwọ̀ mẹ́ta yọ, tí ààwẹ̀ sì parí, ó rìn tọ Yudesi lọ, díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Màmá Yakobo, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Ẹ sì ń gbà á lọ́dọọdún?"

"Lọ́dọọdún. Èèṣì mú un bọ́ sí ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà míì."

Gideoni rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó sílẹ̀. Yudesi náà rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn kì í pẹ́ lórí òkè. Àwọn tó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé obìnrin kan lọ káàkiri ilé mẹ́tàlá, ó ń jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀, wọn ò sì lé e. Ilé mẹ́rin padà. Samusoni kọ́ Yudesi ní ọdún tó ń gba oṣù mẹ́tàlá. Ó fi oṣù méjì kọ́ ọ, Samusoni gan-an sì ní òun náà ti ń ṣì í láàárín.

Nígbà tí Ìrékọjá tó tẹ̀lé e ń bọ̀, Samusoni dìde ní Ọjọ́ Ìsinmi, ó ka ọjọ́ náà látinú ìwé. Gideoni ní òun ò gbọ́ ti ìwé, kí Màmá Yakobo sọ ọ́.

Yudesi dìde láàárín àwọn obìnrin, ó sọ ọ́. Ọjọ́ kan náà ni.