Ọjọ́ Tí A Dọ̀bálẹ̀ Nítorí Iná Títì

Ọdún tí owó bẹ́ńtíróòlù fò sókè, tí gígun ọ̀kadà wá di nǹkan ọlọ́lá, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ abúlé wa lẹ bi mí ní ìpàdé tó kọjá pé kí ló dé tí àwa àgbà kì í fẹ́ bá yín lọ sí káńsù mọ́, tí ẹ bá ti ní ẹ fẹ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ iná. Ẹ rò pé ẹ̀rù ló ń bà wá. Ẹ̀rù ń bà wá lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló fà á. Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni fọ́kánáísà tó wà létí títì, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ka ìwé dé fọ́ọ̀mù tuú kí bàbá mi tó ní èyí tí mo kà ti tó láti fi mọ orúkọ ara mi. Gẹ̀ẹ́sì mi dà bí táyà tí mo bá lẹ̀: á gbé èèyàn dé ibi tó ń lọ, àmọ́ kó má sáré. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan ilé mi ò tíì ní òrùlé. Mọ̀dáámù, ọ̀gá ilé ìwé wa, mọ̀wé jù mí lọ fíìfíì, àmọ́ ìjọba ló ń san owó oṣù wọn, wọn ò lè máa bá ìjọba fa wàhálà. Èmi ò ní owó oṣù tí ẹnikẹ́ni lè dá dúró, ni wọ́n bá fi mí ṣe akọ̀wé.

Ẹ mọ bí títì márosẹ̀ yẹn ṣe là wá sí méjì. Ilé wa, mọ́ṣáláṣí àti ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí wà lápá ìhín. Ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ omi wà lápá ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n ń ṣe títì náà, a jó. Èmi gan-an jó, torí mo mọ̀ pé ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí ni táyà á ti máa jò. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ọmọ á gbà kọjá. Kò sí bọ́ǹpù, kò sí iná, kò sí ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, aláwọ̀ mẹ́ta, àfi tí èèyàn bá lọ sí Ìbàdàn.

Nígbà tí ọ̀kadà wá wọ́n, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn tó ń ti oko bọ̀, àwọn tó ń ti ọjà Ṣáṣá bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, àwọn ọmọ tó ń ti lẹ́sìnnì bọ̀, gbogbo wọn á tò sétí títì bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sódò. Tírélà á kọjá, afẹ́fẹ́ ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè lórí àwọn ìyá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni bọ́ọ̀sì gbá Rìsí. Ọmọ Ìyá Rìsí tó ń yan gàrí ni, ó ti fẹ́ jáde ìwé mẹ́fà. Awakọ̀ náà dúró, ẹ jẹ́ n má parọ́ mọ́ ọn. Ó ń sọ pé, “Mi ò rí i, ẹ̀yin èèyàn, mo fi Ọlọ́run búra, òkùnkùn ni mo rí!” Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ gan-an, ariwo ni mo gbọ́, mi ò rí ọmọ. Rìsí ò kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún láti orúnkún.

Lọ́jọ́ kejì, iwájú ilé Bàbá Àjàní kún. Bàbá Àjàní ló dàgbà jù lábúlé wa, àwọn la máa ń lọ bá tí ọ̀rọ̀ bá le. Kọ́lá, tó jẹ́ olórí ọ̀dọ́ nígbà yẹn, ti bínú débi pé kò kí ẹnikẹ́ni.

“Ẹ jẹ́ ká dí títì,” ló wí. “Ká sun táyà. Bàbá Bíọ́dún, táyà mélòó lẹ ní?”

Èmi nìyẹn. Mo ní, “Táyà tí mo ní, mo ń tà á ni.”

“Ẹ wo bàbá yìí! Ẹsẹ̀ ọmọ lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọjà.”

“Kọ́lá, tí ọlọ́pàá bá kó yín, èmi náà lẹ máa ní kí n wá ṣe onídùúró. Kí ni mo fẹ́ fi dúró, páǹpù?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Rìsí ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀, ó di Sẹ̀kínà, àbúrò Rìsí, mú mọ́ àárín ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní, “Èyí náà máa sọdá lọ sílé ìwé lọ́la. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi.”

Ìgbà yẹn ni Bàbá Àjàní wúkọ́. “Ọmọ ta ni alága káńsù yìí?”

Mo ní, “Ọmọ Súlè tó ń ra kòkó ni, Bàbá.”

“Súlè tí mo kọ́ lóko dídá? Ọmọ ẹ̀ ló ń pàṣẹ fún wa?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Ó dáa. A ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ yìí tó máa dúró kí ẹni tó ju bàbá ẹ̀ lọ máa dùbúlẹ̀ níwájú ẹ̀. Èpè sàn jù ú lọ. Ohun yòówù tó bá ní òun fẹ́ ló máa fún un, kó ṣáà ti dìde. Bàbá Àjàní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun ìjà kan ṣoṣo tí ọjọ́ orí fún wọn nìyẹn, wọn ò sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú.

A wọ bọ́ọ̀sì, ó di káńsù. Nígbà tí alága rí i pé Bàbá Àjàní ń ṣí fìlà, tí wọ́n ń tẹ orúnkún, ó fò kọjá tábìlì. Mi ò bù mọ́ ọn: ó fò kọjá tábìlì, fáìlì fọ́n ká ilẹ̀. Òun náà lọ dùbúlẹ̀ gbalaja, orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu ti Bàbá.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí! Ẹ dìde! Kí lẹ fẹ́?”

Bàbá Àjàní ò dìde. “Iná. Àti bọ́ǹpù.”

“Mo ti ṣe é! Ẹ dìde!”

“Lápá méjèèjì títì o.”

“Lápá méjèèjì, Bàbá! Ẹ gbà mí!”

Bí a ṣe ń darí bọ̀, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò. Kọ́lá fúnra ẹ̀ wá kí Bàbá Àjàní, ó ní òun gba fún wọn.

Lóòótọ́ ni wọ́n kó òpó wá. Wọ́n rì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì lápá méjèèjì, wọ́n ní iná sólà tó máa wà lórí wọn àti bọ́ǹpù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n tó dé, sáà alága ti parí, ẹgbẹ́ ẹ̀ ò sì fà á kalẹ̀ mọ́. Òpó wa dúró láìlórí. Alángbá ń gùn wọ́n, olóṣèlú ń lẹ fọ́tò mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ẹ̀ pé òun máa tan ìmọ́lẹ̀ sí wa. Ọ̀sán nìkan la lè kà á.

Òun náà ló wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ti gbé òkè òkun rí, gbogbo àgbà ló ń pè ní “Dádì”. A dìbò fún un. Èmi pàápàá bá a polongo, mo ń pariwo “iná títì” títí ohùn mi fi há. Nígbà tó pẹ́ tí a ò gbúròó ẹ̀, Bàbá Àjàní ní, “Ẹ jẹ́ ká tún lọ.”

Kọ́lá ní, “Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ni irú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́.”

“Òun náà ní bàbá nílé,” bí Bàbá Àjàní ṣe dá a lóhùn nìyẹn.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo múra Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Mo kà á létí ìyàwó mi títí ó fi há a lórí, tó ń bá mi tún un ṣe láti inú ilé ìdáná. Àṣé mi ò ní lò ó.

Wọ́n mú wa wọ gbọ̀ngàn kan tó tutù bí inú fíríìjì. Alága wà lórí ìjókòó. Bàbá Àjàní ṣí fìlà, wọ́n fi orúnkún lélẹ̀, wọ́n fi àyà lélẹ̀. Àwa tó kù ṣe bákan náà. Mo fi àgbọ̀n lé ilẹ̀, mo ń retí ariwo. N ò gbọ́ ariwo kankan. Mo gbójú sókè díẹ̀, mo rí bàtà alága. Bàtà náà ò mira.

“Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin Dádì,” ló wí. Mo rò pé ó ń ṣàánú eegun wa ni. Ó wá ní, “Sún sẹ́yìn díẹ̀, kí gbogbo wọn lè wọ inú ẹ̀.” Ayàfọ́tò ló ń bá sọ̀rọ̀.

Iná kámẹ́rà tàn. Ó tún tàn. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé alága yẹn tan iná fún wa rí, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí a fẹ́ dìde, Bàbá Àjàní ò lè dìde. Nígbà àkọ́kọ́, alága ìjọ́sí ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbé wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi àti Bàbá Lémọ́mù mọ́ṣáláṣí wa la fà wọ́n lápá. Alága bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Ọlọ́run bù kún wa, ó wọlé lọ. Kò béèrè ohun tí a bá wá.

Lọ́jọ́ kejì, Bíọ́dún, ọmọ mi tó wà ní Lálúpọn, pè mí. “Ẹ kú oríire, Bàbá mi! Mo rí yín lórí fóònù.”

“Oríire kí ni?”

“Wọ́n ní iná yín ti dé.”

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Àwa rèé, gbogbo wa, gbalaja. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: Àwọn àgbà ìlú dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ alága wa fún iná títì àti ààbò ẹlẹ́sẹ̀. Ojú tèmi ló hàn jù, ẹnu mi là sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú ẹ̀.

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ òde ní káńsù, àwọn tó ń rí sí títì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí, ó mọ̀ mí. “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ wá dúpẹ́?”

“A ò dúpẹ́. A wá bẹ̀ ẹ́ ni.”

“Ẹ máa wò ó! Kí àgbàlagbà dùbúlẹ̀ báyẹn, kó má jẹ́ pé wọ́n ti ṣe nǹkan fún un?”

“Ọmọ mi, wá wo òpó wa.”

“Hẹ̀n-ẹ́n, òpó ṣáà ti wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kan àwọn abúlé míì náà.”

Ni mo bá kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti tọ́jú, mo tú u lé e lórí. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó wá ní kí n jọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, kó lè tètè yé òun.

Bàbá Àjàní ní kí n fi fọ́tò náà han àwọn. Mo ní fóònù mi ti kú. Ọmọ ọmọ wọn ló fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n dá fóònù padà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní, “Dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ kí mi.” Ẹ̀yin kan nínú yín rò pé ogbó ló ń ṣe wọ́n. Ohun tó ṣe wọ́n nìyẹn.

Kí la rí gbà nínú gbogbo ẹ̀? A rí òpó gbà. Kọ́lá àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn kó yangí àti òkúta, wọ́n ṣe bọ́ǹpù, ọkọ̀ sì rọra ń rìn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ńlá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi ayẹyẹ kan, katakátá káńsù wá wó o, wọ́n ní kò bófin mu. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí káńsù ṣe lójú títì wa nìyẹn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tí a pàdánù, lẹ́yìn ẹsẹ̀ Rìsí, ni pé kò sí nǹkan tó kù lọ́wọ́ wa tí a lè fi dójú ti ẹnikẹ́ni. A ti ná an tán. Tí ẹ bá máa lọ, ẹ lọ. Ẹ lọ lóòró, kí ẹ má tẹ orúnkún, kí ẹ sì wo ọwọ́ ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága dáadáa.

Àmọ́ gbèsè kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ ẹni tó máa san án. Nígbà tí ilé ìwé wọlé lẹ́yìn tí wọ́n wó bọ́ǹpù náà, Mọ̀dáámù sọdá wá bá Ìyá Rìsí nídìí gàrí. Mo wà níbẹ̀.

“Ìyá Rìsí, mi ò rí Sẹ̀kínà láti ọjọ́ tí a ti wọlé.”

“Ẹ ṣeun, mà. Mo mọ̀.”

“Ọmọ yẹn mọ̀wé o.”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà mọ̀wé, mà.”

Mọ̀dáámù wo títì, wọ́n wá wò mí, bíi pé kí n sọ nǹkan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mí. Mo ní mo fẹ́ lọ wo táyà kan.

Ibi tí Sẹ̀kínà ti ń bó ẹ̀gẹ́ ò jìnnà sí ìdí máńgòrò mi. Láàárọ̀, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀hún wá, a máa ń gbọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń ké ìṣirò: méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin, méjì lọ́nà mẹ́ta, mẹ́fà. Òun náà á máa bá wọn kà á, ọ̀bẹ lọ́wọ́, kò ní gbójú sókè. Tí tírélà bá ti ń kọjá, kò ní gbọ́ wọn mọ́, á dúró. Tí ariwo bá lọ tán, wọ́n á ti wà níwájú, Sẹ̀kínà á máa tẹ́tí, á máa wá ibi tí wọ́n ti kà á dé.